Ibi Tí Mo Tọ́ka Sí Lábẹ́ Tábìlì Akọ̀wé

Wàláhì, ẹ̀yin ọmọ mi, òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Tàbí… ẹ jẹ́ kí n sọ pé kò fi bẹ́ẹ̀ sí.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, mo ti sá kúrò nílé-ìwé. Ta ni ò mọ̀ mí ní Ìwó? Èmi ni mo so ewúrẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ àga tíṣà!

Ilé bíríkì pupa tí ẹ ti ń gba ìwé ọjọ́ orí lónìí, bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ. Inú rẹ̀ náà ni wọ́n sin wọ́n sí. Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe nígbà náà. Ìgbà tó yá, ìjọba ní àwọn fẹ́ fi ṣe ọ́fíìsì, ẹbí sì gbà. Wọ́n wó ògiri, wọ́n da sìmẹ́ǹtì bo gbogbo ilẹ̀. Yàrá mẹ́rin di gbọ̀ngán kan.

Ìyá àgbà, ìyàwó bàbá bàbá mi, kì í jẹ́ kí Jímọ̀ kan kọjá láìka Fàtíhà lórí sàréè ọkọ wọn. Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn sìmẹ́ǹtì yẹn, wọ́n wọlé, mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì… ó dàrú mọ́ wọn lójú.

Akọ̀wé ní, "Ìyá, ta lẹ ń wá?"

"Ọkọ mi."

"Ṣé ibí ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́?"

"Wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n sùn ni."

"Nínú ọ́fíìsì ìjọba? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde!"

Ìyá àgbà bú sẹ́kún. Wọ́n di ọwọ́ mi mú: "Ọkọ mi kékeré, inú ilé yìí la bí ọ sí. Níbo ni wọ́n wà?"

Ẹ gbọ́, akọ̀wé yìí ti gbá mi létí lọ́jọ́ kejì ọjà. Mo na ìka sábẹ́ tábìlì rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ibi tí ẹ gbẹ́sẹ̀ lé yẹn gan-an ni."

Háà! Ó fò sókè bí ẹni tó tẹ ẹ̀yinná. Láti ọjọ́ náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbé tábìlì sí. Òjò ń pa ìwé ìjọba, èmi ń rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà sì ń kúnlẹ̀ níbi tí tábìlì wà tẹ́lẹ̀ ní gbogbo Jímọ̀, títí wọ́n fi kú.

Lónìí ńkọ́? Akọ̀wé wo ló máa dìde fún òkú? Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó fi ilé sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ fi àmì sí ibi tí àwọn èèyàn yín sùn sí.

Sìmẹ́ǹtì, òótọ́ ni. Ẹkún, òótọ́ ni. Ibi tí mo tọ́ka sí nìkan… èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. N kò mọ ibi tí sàréè wà. Èmi ni mo ń ka Fàtíhà fún bàbá bàbá mi báyìí. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí, n kò sì mọ ibi tí n ó kọjú sí.