Àwòrán Lékeléke Tí Mo Gé Lápá Kan

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé lọ́dún méjì tí ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Ǹ bá má sọ ọ́ rárá, ṣùgbọ́n ìyàwó àbúrò mi ní kí n fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí òun kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, mi ò sì mọ ohun tí mo máa ṣe.

Èmi ni àkọ́bí ilé wa ní Ìrẹmọ, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, fọ́tò yíyà ni mo fi ń ṣeré. Fóònù mi ni mo fi ń yà á: òdòdó etí ọ̀nà, àwọn tó ń gbafẹ́ ní Ẹnuwá, ẹyẹ etí omi. Àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé màmá ti di onífọ́tò. Sùmbọ̀, ìyàwó Láńre àbúrò mi, nìkan ni kò bá wọn ṣe é.

Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Ojú Mi ni Sùmbọ̀ sọ mí. Ó ní ibi tí òun ò ráyè dé, èmi ni mò ń bá òun wò ó. Bí mo bá ti jáde dé, á wá jókòó tì mí, á ní kí n fi ohun tí mo rí han òun. Ó ti pẹ́ tó ti wà nílé ọkọ, kò tíì bímọ. Àwọn fọ́tò yẹn máa ń mú un rẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé kan lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, mo lọ sí adágún omi kan lẹ́yìn ìlú. Igi pánṣẹ́kẹ́ ti tanná, ó pupa fòò. Lékeléke pọ̀ létí omi. Bí wọ́n ṣe gbéra pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni mo tẹ fóònù. Inú mi dùn débi pé mi ò wo nǹkan mìíràn.

Ilé ni mo dé kí n tó rí ohun tó wà lápá òsì fọ́tò náà. Láńre ni. Ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ láàárọ̀ pé Ìpetumodù lòun ń lọ, níbi tó ti ń ta irin ìkọ́lé. Ó jókòó lórí ẹní pẹ̀lú obìnrin kan. Ọmọbìnrin kékeré kan gùn ún lọ́rùn, tòun tọmọ na ọwọ́ sókè, wọ́n ń fì í sí lékeléke pé kó fún àwọn ní èékánná funfun, bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń ṣe. Èmi ni mo kọ́ Láńre ní eré yẹn nígbà tí mò ń pọ̀n ọ́n. Ọmọ náà sì jọ ìyá wa gẹ́lẹ́.

Mo pè é. Kò jiyàn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ fún un. Kí Iléyá tó dé, màá ti sọ." Mo gbà á gbọ́. Nílé tiwa, ẹ̀gbọ́n obìnrin kì í tú àṣírí àbúrò rẹ̀ fún ìyàwó. Ẹni tó bá ṣe é, wọ́n á ní ó fẹ́ tú ilé bàbá rẹ̀ ká.

Mo bá gé apá òsì kúrò. Mo fi ìyókù han Sùmbọ̀. Ó ní òun ò tíì rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó lọ tẹ̀ ẹ́ jáde, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀, lókè àga tí Láńre máa ń jókòó sí.

Iléyá dé, ó lọ. Òmíràn tún dé. Láńre ò sọ nǹkan kan. Mo wá lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun ìyá wa, kò yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ti sọ ọmọ náà lórúkọ tipẹ́tipẹ́ ní Ìpetumodù, gbogbo àwọn àbúrò mi ló lọ. Èmi àkọ́bí nìkan ni wọn ò pè. Ìyá wa ní, "Ọ̀rọ̀ ìwọ àti ìyàwó yẹn ti wọ̀ jù."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Èmi tí mò ń bo àṣírí ilé, àwọn ará ilé ti ń bò ó mọ́ mi lójú kí n tó mọ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Láńre dalẹ̀ mi, ìyá mi náà dalẹ̀ mi. Mo fẹ́ bínú tán, mo wá rántí pé ohun tí wọ́n ṣe fún mi gan-an ni mò ń ṣe fún Sùmbọ̀. Mo ṣì ń jẹun ní pálọ̀ rẹ̀, fọ́tò yẹn lókè orí wa.

Láìpẹ́ yìí ló wá bá mi. Ó ní fọ́tò náà ti ń ṣá, òun fẹ́ tẹ èyí tó tóbi. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé lékeléke kan wà lápá òsì tí ìyẹ́ rẹ̀ ò pé. "Ojú Mi, ẹ bá mi wá odindi ẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ rí lọ́jọ́ yẹn ni mo fẹ́ rí." Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti fura.

Odindi rẹ̀ wà nínú fóònù mi. Mi ò lè pa á rẹ́, mi ò sì lè fi ránṣẹ́. Ó ti pè mí láàárọ̀ yìí, mi ò gbé e.

Gbogbo orúkọ èèyàn inú ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti pa dà, àfi Ojú Mi. Bí Sùmbọ̀ bá kà á, á mọ̀ pé èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n jókòó síbí títí yóò fi kà á ni, àbí kí n dìde lọ bá a?