Ìdí Tí A Fi Ń Sọ Ọmọ Lórúkọ Lẹ́yìn Odi

Ní ayé ìgbà tí a kò tíì bí ẹni tó bí baba mi, odi yí ìlú wa ká. Àfọ́kù rẹ̀ lẹ̀ ń rí yìí, ẹ̀yin ọmọ. Nígbà náà ó ga ju òrùlé lọ. Gbogbo agbo ilé ló mọ ọ́n: ọkùnrin gbẹ́ ilẹ̀, obìnrin pọn omi, ọmọdé tẹ amọ̀. Bí òjò bá jẹ ẹ́, àwọn tó bá wà nítòsí á po amọ̀, wọ́n á lẹ̀ ẹ́. Wọn kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó yá, ọba kan jẹ, ó ní ti ààfin ni odi. Ó ní kí wọ́n so màrìwò ọ̀pẹ mọ́ ọn yíká. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ yóò fi ìlú sílẹ̀. Inú àwọn ará ìlú dùn. Wọ́n ní, "A bọ́ lọ́wọ́ amọ̀ pípò. Ọba ló ni ín, ọba ni yóò tọ́jú rẹ̀." Ẹ gbọ́ o: wọ́n ṣe bí màrìwò ni àtúnṣe. Òjò ń rọ̀, màrìwò ń gbẹ, odi ń là.

Àìná, ìyá ńlá wa, opó ni. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ gan-an ni odi gbà kọjá. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ọ̀kẹ́, wá bímọ lọ́dọ̀ rẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn. Láyé ìgbà náà, ìyá ìkókó kì í yọ ẹsẹ̀ síta títí di ọjọ́ ìkómọjáde. Ọjọ́ kò tíì pé nígbà tí Àìná rí i pé odi ti tẹ̀ sórí yàrá náà.

Ó lọ sí ààfin, ó kúnlẹ̀ níwájú ìjòyè tí odi wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

"Bàbá, odi ń wó bọ̀ lórí ọmọ mi."

"Odi ọba kì í wó, Àìná."

"Ọba ló ni ín, mi ò bá a du ú. Kí ẹ ṣáà rán ẹni tí yóò gbé e dúró."

"Ọ̀rọ̀ náà yóò dé etí ọba. Lọ máa tọ́jú ọlọ́mọ."

"Ṣé òjò yóò dúró de ìgbìmọ̀ ni, Bàbá?"

Ẹmẹ̀wà kan, ìránṣẹ́ ọba, rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá, ẹ lọ bẹ òjò wò."

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ṣùgbọ́n abẹ́ igi gan-an ni Àìná wà. Ó délé, ó ní kí Ọ̀kẹ́ jáde.

Ọ̀kẹ́ ní, "Kí ni n ó wí fún ilé ọkọ mi? Pé mo gbé ọmọ wọn sóòrùn kí ọjọ́ tó pé?"

Òfin méjì ló de Àìná, ti ọlọ́mọ àti ti ọba. Àìná rú ti ọba. Ó já màrìwò, ó fi òpó gbé odi dúró. Ó po amọ̀, ó pò, ó pò. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀, ó tẹ̀. Ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ odi. Aládùúgbò kan yọjú.

"Àìná, ṣé ìwọ lo ni ín?"

"Bí ó bá wó, ta ni yóò pa?"

Obìnrin náà fa orí rẹ̀ wọlé. Ẹnikẹ́ni kò bá Àìná bu omi.

Òjò dé. Ibi tí Àìná lẹ̀ dúró. Lápá agbo ilé Agúnlejìkà, níbi tí màrìwò wà digbí, odi wó, ó sì bo àwọn tó ń sùn mọ́lẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ẹmẹ̀wà kò kọ́kọ́ lọ hú òkú. Ilé Àìná ni wọ́n wá. Wọ́n ní òun ló fọwọ́ kan odi tí odi fi bínú. Wọ́n lé e jáde ní ẹnubodè, pẹ̀lú amọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, Ọ̀kẹ́ gbé ọmọ tọ ìyá rẹ̀ lọ lẹ́yìn odi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pe orúkọ ọmọ náà, lábẹ́ àtíbàbà. Àìná kò wọ ìlú mọ́ títí ó fi kú.

Ìdí nìyẹn tí ọmọ ilé wa kì í fi í gba orúkọ nínú ilé. Ẹ̀yìn odi ni, olúkúlùkù á sì kọ́kọ́ lẹ ẹ̀kúnwọ́ amọ̀ mọ́ ọn. Ẹ ti rí pátákó tí ìjọba rì síbẹ̀, pé tìjọba ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Láti ìgbà tí wọ́n ti rì í, a kò rí ẹni tó wá wo ibi tó là.

Àlàbá, mo gbọ́ ìbéèrè rẹ. O ní, bí a bá ń sọ ọmọ Bánkẹ́ lórúkọ lọ́la, tí àwọn ìjọba bá wá mú wa ńkọ́? Mi ò lè ṣèlérí pé wọn kò ní mú wa. Wọ́n mú Àìná.

Ẹ lọ po amọ̀ sílẹ̀.