Ojú Ìyàwó Mi Ló Wà ní Pálọ̀ Wọn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka abala yìí, mo kí yín. N kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn tó mọ̀ mí ní Ẹdẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń gbé ohun kan kiri, ó sì ti rẹ̀ mí. Mo fi ojú ìyàwó mi tó ti kú ṣe ojú ìyá ẹlòmíràn nínú àwòrán tí mo yà, mo sì jẹ́ kí ọmọ onítọ̀hún gbà pé ìyá òun ni.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé báyìí ni pé wọ́n fẹ́ fi àwòrán náà sára sàréè. Èyí tó wà ní pálọ̀, èèyàn lè gbé e kúrò lára ògiri. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ti sàréè kúrò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni mí. Iṣẹ́ tí mo kọ́ ni pátákó kíkọ. Mo máa ń fi ọ̀dà kọ orúkọ sára ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń ya oríṣiríṣi orí tí wọ́n gẹ̀ sára pátákó àwọn onígbàjámọ̀. Nígbà tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ bánà dé, iṣẹ́ náà kú.

Mi ò tètè kàwé. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa kí n tó jókòó ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá. Ìyàwó mi, Àbẹ̀kẹ́, ló tì mí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà. Ó ní ojú ń ti òun pé ọkọ òun ń ya lẹ́tà fún gbogbo ìlú, kò sì lè kà á.

Àbẹ̀kẹ́ kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi dùbúlẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, Tóyìn, tíṣà ni ní Ìlọrin. Lẹ́yìn ìsìnkú ó fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀ fún mi, pẹ̀lú pátákó pẹlẹbẹ kan tí èèyàn lè fi gègé yàwòrán lé, tí yóò sì máa hàn nínú kọ̀ǹpútà. Ó ṣí ojú òpó kan fún mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí ọwọ́ mi má baà dilẹ̀.

Ibẹ̀ ni mò ń kó ohun tí mo bá yà sí. Mo ya afárá odò Ọ̀ṣun síbẹ̀. Mo ya ilé alámọ̀ kan tó ti wó lẹ́yìnkùlé wa. Mo ya adìẹ kan tó ń sáré kọjá títì, mo sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú kí ó máa rìn. Nígbà mìíràn mo máa ń gba ohùn ara mi sílẹ̀, mo sì máa ń fi sábẹ́ àwòrán. N kò tà á. Àwọn èèyàn díẹ̀ máa ń wá wò ó, wọ́n á kọ gbólóhùn kan sílẹ̀, wọ́n á lọ. Lókè pátápátá ni mo kọ ọ́ sí pé: "Ohun tí mo rí ni mo yà."

Nígbà tó yá mo ya bàbá mi, tó kú láìní fọ́tò kankan. Àwọn kan rí i, wọ́n ní kí n bá àwọn ya tiwọn náà. Mo wá ya apá kan sọ́tọ̀ fún irú wọn. Mo máa ń lọ jókòó ti àwọn tó mọ olóògbé. Mo máa ń bi wọ́n léèrè, mo máa ń yà, mo tún máa ń bi wọ́n, títí wọ́n á fi sọ pé ó ti súnmọ́ ọn. Mẹ́ta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀, n kò purọ́ nínú èyíkéyìí.

Ìkẹrin ni ti arábìnrin kan tó ń ta gàrí ní oríta Sẹ̀kọ̀nà. Ìlú Awo ni ilé rẹ̀ wà. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì tí ìyá rẹ̀ fi kú. Ó sọ fún mi pé gbogbo ẹgbẹ́ òun ló ní fọ́tò ìyá lára ògiri, pé kàlẹ́ńdà ìjọ ni òun fi dí ibi tí ti òun yẹ kó wà.

Ẹnì kan ṣoṣo tó kù tó mọ ìyá náà ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ti di arúgbó, tó ń gbé ní Alájuẹ. Ìyá Àgbà ni gbogbo wọn ń pè é. Mo lọ bá a. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun dúdú, ó ní èjí, ó kọ pélé, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé báwo ni imú rẹ̀ ṣe rí. Ó ní, "Imú ni." Mo bi í ní iwájú orí. Ó ní iwájú orí ẹni tó ń ru ẹrù ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni arábìnrin yìí gbà á lọ́wọ́ mi, tó dúpẹ́, tí ojú rẹ̀ sì fà ro. Nígbà kẹta, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò létí mi.

"Ó dáa o, Bàbá Tóyìn. Ẹ ṣeun sà. Ṣùgbọ́n kò wò mí."

Òótọ́ ló sọ. Kò wo ẹnikẹ́ni.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ìrántí ọdún kejì Àbẹ̀kẹ́ bọ́ sí. Láti ìgbà tó ti kú, n kò lè yà á. Gbogbo ìgbà tí mo bá dánwò, mo máa ń ya gèlè, mo máa ń ya ọrùn, ọwọ́ mi á sì dúró tí mo bá dé ojú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo ṣí fọ́tò rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Mo fi sísàlẹ̀, mo sì ń fi gègé tẹ̀ lé e láti òkè. Mo fi èjí sí i. Àbẹ̀kẹ́ kò ní èjí. Mo kọ pélé sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo wé gèlè ayé àtijọ́ fún un. Mo sọ fún ara mi pé ìyá ẹlòmíràn ni mò ń yà, ọwọ́ mi sì gbà. Nígbà tí mo parí, ó wò mí.

N kò ní sọ fún yín pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo mọ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, mo gbé e lọ sí Awo. Wọ́n ti lọ mú Ìyá Àgbà wá. Arábìnrin náà gbà á, ó gbé e lé ìyá arúgbó yẹn lọ́wọ́, ó sì ń wo ẹnu rẹ̀. Ìyá Àgbà gbé pépà náà súnmọ́ ojú. Ó ní, "Òun nìyí." Arábìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ káàbọ̀." Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ fún mi.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Mo mu omi tí wọ́n gbé fún mi, mo sì lọ sílé.

Arábìnrin náà fi férémù sí i, ó yọ kàlẹ́ńdà kúrò. Ó ní kí n gbé e sí ojú òpó mi, mo gbé e sí i pẹ̀lú orúkọ ìyá rẹ̀. Àwọn tó wò ó kọ ọ́ pé òun ló dára jù nínú iṣẹ́ mi. Bí iṣu bá ti jáde, arábìnrin yìí á fi ránṣẹ́ sí mi. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé ọmọ òun kejì jogún ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Tóyìn náà rí i. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Bàbá, ìyá yìí mà jọ Mọ́mì." Mo ní èèyàn jọ èèyàn. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ló máa ń bi mí: ìgbà wo ni n ó ya ìyá òun síbẹ̀? Obìnrin méjì kò lè ní ojú kan náà. Èmi tí mo ń ya ìyá oníyàá, mo ti ti ìyàwó tèmi mọ́ ìta.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé n kò gbìyànjú láti jẹ́wọ́. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, mo lọ sí Alájuẹ, mo bá Ìyá Àgbà níbi tó ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò dáwọ́ dúró.

Ó ní, "O rò pé n kò mọ̀ ni? Ojú ló ń dùn mí, orí mi pé."

Mo ní kí ló dé tí ẹ fi sọ pé òun ni?

"Ojú ẹ̀gbọ́n mi ti pòórá lọ́kàn mi, ó ti pẹ́. Èjí yẹn nìkan ló kù. Ò ń bi mí ní imú, imú, níbo ni n ó ti rí imú mú wá? Ọmọ yẹn ti ń wo ẹnu mi láti kékeré. Mo ní òun ni, kó lè sinmi." Ó wá bi mí pé ta ló ni ojú náà gan-an. Mo ní ìyàwó mi ni, Àbẹ̀kẹ́. Ó ṣẹ́ ẹ̀gúsí díẹ̀ sí i. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́ ṣeun. Ó bá wa gbọ́mọ pọ̀n. Tó o bá máa sọ ọ́, jẹ́ kí n kú ná."

Ó kú lóṣù tó kọjá.

Wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Arábìnrin náà fẹ́ tún sàréè méjèèjì ṣe, kí ó fi àwòrán ojú sára wọn. Fọ́tò Ìyá Àgbà wà nílẹ̀. Ti ìyá rẹ̀ ló kù. Ó kọ ọ̀rọ̀ sí mi lórí fóònù pé kí n jọ̀ọ́, kí n fi èyí tó tóbi ránṣẹ́, àwọn oníṣẹ́ ń retí rẹ̀. Sàréè Àbẹ̀kẹ́ ní Ẹdẹ níbí kò ní àwòrán. Orúkọ nìkan ló wà lára rẹ̀. Èmi ni mo fi ọ̀dà kọ ọ́.

Bí mo bá sọ òtítọ́, mo gba ìyá lọ́wọ́ obìnrin yìí nígbà kejì, mo sì pe òkú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlẹ̀ ní òpùrọ́. Bí mo bá dákẹ́, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ á máa kúnlẹ̀ síwájú ìyàwó mi, Tóyìn á sì máa bi mí ní ìbéèrè tó ti mọ èsì rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí mo ṣí àwòrán náà láti fi ránṣẹ́. Orúkọ tí mo fi pa á mọ́ sínú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni Àbẹ̀kẹ́. N kò yí i padà rí. Bí mo bá fi ránṣẹ́ bó ṣe wà, arábìnrin náà á rí orúkọ yẹn, á sì béèrè. Mo pa á rẹ́, mo kọ orúkọ ìyá rẹ̀ síbẹ̀. Mo tún pa ìyẹn rẹ́, mo dá Àbẹ̀kẹ́ padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó dìde.

Orúkọ kíkọ ni mo fi jẹun láyé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, èwo ni kí n kọ?