Eérú Tí A Fi Pa Ẹ̀wà Mọ́

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mi ò gbé ẹ̀bẹ̀ wá lónìí, ọpẹ́ ni mo gbé wá. Ẹ ṣáà ń wo Dọ́káàsì ọmọ mi níwájú yẹn. Jésù ló ṣe é!

Gbogbo yín lẹ mọ iṣẹ́ mi: télé, rédíò, kọ̀ǹpútà, mo ń tún wọn ṣe lẹ́bàá títì. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Títú ni mo fi kọ́ ọ. Láti Cotonou ni mo ti ń ra ọjà Faransi-orevuà, èyí tí àwọn òyìnbó lò tó sú wọn. Orevuà, ó dàbọ̀ nìyẹn. Wọ́n dágbére fún un lọ́hùn-ún, àwa jáde ń kí i káàbọ̀! Nínú télé mẹ́wàá, bóyá mẹ́ta ló máa tan. Èyí tí kò bá tan, màá gé wáyà rẹ̀, màá jó o lẹ́yìnkùlé kí rọ́bà kúrò lára bàbà, màá ta bàbà náà.

Lẹ́yìn ìkórè tó kọjá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Dọ́káàsì. Ọjọ́ mẹ́rin, kò yàgbẹ́. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun. A lo oògùn ibà, a lo oògùn aràn, pàbó! Ìyá mi ní ayé ló ń ṣe é. Ẹ̀rù bà mí pé màá sin ọmọ.

Èmi àti ìyá rẹ̀ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní, Olúwa, ohun tó ń pa á, fi hàn mí, kódà bó bá jẹ́ èmi ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, a gbé ẹ̀wà síwájú, mo ń gbàdúrà sí oúnjẹ. Dọ́káàsì ò dijú.

"Papa, wáyà wà nínú ẹ̀wà."

"Dijú, jẹ́ kí n ṣe àmín!"

"Papa, ó ń dán."

Mo lajú. Bàbà ni lóòótọ́, tín-ín-rín bí irun, irú èyí tí wọ́n máa ń lọ́ pọ̀ mẹ́rìndínlógún nínú okùn iná télé. Ẹ mọ̀ pé eérú la máa ń pò mọ́ ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́.

"Ìyá Dọ́káàsì, níbo lo ti bu eérú?"

"Ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ẹ ti ń jó wáyà. Ṣebí eérú ni eérú? Kòkòrò kan ò sì débẹ̀!"

Kòkòrò ò débẹ̀ lóòótọ́. Kòkòrò gbọ́n jù wá lọ! Mo mọ̀ pé òjé, irin olóró yẹn, wà nínú rọ́bà àwọn wáyà àtijọ́. Mi ò mọ̀ pé ó lè gba inú ìkòkò wọlé.

Ilẹ̀ mọ́, a gbé ọmọ àti eérú lọ sílé ìwòsàn. Tata nọ́ọ̀sì tó gbà wá ní, "Tonton, bí ẹ ò bá gbé eérú yìí wá, aràn la ò bá ṣì máa lé." Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: òjé ló kún inú rẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, a ò jẹ ẹ̀wà náà mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò, òjé ti lọ sílẹ̀ gan-an! Lánàá ó fo okùn. Mo kà á: ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógójì kó tó kọsẹ̀. Halelúyà!

Mo ti jáwọ́ nínú jíjó wáyà. Télé tí kò bá tan lójú mi, mi ò ní rà á, ó dọwọ́ ẹni tó ń tà á.

Ẹ bá mi gbé Jésù ga. Ṣùgbọ́n lánàá ni ìyá Dọ́káàsì sọ fún mi pé òun nìkan kọ́ ló bu eérú níbẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ bu eérú lẹ́yìnkùlé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tijú. Ẹ má fi ẹ̀wà yẹn fún adìẹ, ẹ má dà á sódò. Ẹ gbé e wá fún mi lónìí. Ẹ̀wà oko wa ní Goro wà nílé, eérú ò kàn án, igbá kan fún igbá kan ni màá fi pààrọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ tèmi nìkan ni Ọlọ́run ń wò nígbà tó la ojú mi lórí oúnjẹ, ọmọ tiyín náà ni. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀!