Èmi Ni Mo Pààrọ̀ Ìbẹ̀rẹ̀ Fíìmù Tóyìn

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù ka ọ̀rọ̀ mi kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti gbé e sínú. Ọkọ mi kò mọ̀, pásítọ̀ mi kò mọ̀. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé Dọlápọ̀ ń bọ̀ wá sí Abuja lọ́jọ́ Sátidé.

Dọlápọ̀ ni àbúrò Tóyìn. Tóyìn kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n mo mú un bí ọ̀rẹ́. Ọ́fíìsì kan náà la wà ní Garki, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la ń lọ ní Galadimawa. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di kámẹ́rà mú. Èmi náà ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń to fíìmù lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ ṣe fíìmù, Tóyìn ni wọ́n ní kó darí rẹ̀. Pásítọ̀ wá sọ fún mi pé, "Sista Bísí, ẹ bá wa ràn án lọ́wọ́ o." Kí n ran ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ lọ́wọ́! Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò burú.

Fíìmù náà dá lórí wọ̀n-ṣáǹsì, àwọn olè tó ń fi takisí gbé èrò. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí Dọlápọ̀ fúnra rẹ̀. Ó wọkọ̀ ní Area 1, ó ń lọ sí Gwarinpa. Wọ́n lù ú, wọ́n gba gbogbo ohun tó ní, wọ́n jù ú sẹ́bàá títì. Nígbà tó gbà kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ṣe fíìmù, ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀bẹ̀ fún: kí ẹni tó bá wò ó mọ bí ẹ̀rù ṣe bà á tó.

Ìbẹ̀rẹ̀ tí Tóyìn ṣe dára. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó dára. Òkùnkùn la kọ́kọ́ rí. Kò sí orin, ìró ìlẹ̀kùn ọkọ̀ tó tì nìkan là ń gbọ́. Lẹ́yìn náà, ojú awakọ̀ nínú dígí, ojú nìkan. Ọwọ́ kan ń yí gíláàsì sókè díẹ̀díẹ̀. Orúkọ fíìmù wá jáde ní lẹ́tà tín-ín-rín. Kó tó pé ìṣẹ́jú kan, o ti mọ irú fíìmù tí o jókòó tì, ara rẹ á ti le. Èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, mi ò ṣe irú ẹ̀ rí. Ìlara ni, ẹ jẹ́ kí n pè é lórúkọ rẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ èyí gan-an, mo ṣì ń jowú ìṣẹ́jú kan yẹn.

Tóyìn tún ṣe apá kékeré kan fún ìparí, kí àwọn èèyàn lè túra ká kí wọ́n tó lọ ilé. Bùrọ́dà Káyọ̀dé, tó ṣe awakọ̀ olè náà, ló ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, àgbàdo sísun lọ́wọ́ rẹ̀, ṣòkòtò ń já bọ́. Orin ayọ̀ wà níbẹ̀, lẹ́tà ńláńlá aláwọ̀ yẹ́lò náà wà.

Èmi ni wọ́n ní kí n so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo mú ti ìparí wá síwájú, mo gbé ti ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Mo mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ ló ń sọ fún òǹwòran bóyá kó bẹ̀rù tàbí kó rẹ́rìn-ín.

Gbọ̀ngán kún lọ́jọ́ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ijó Káyọ̀dé, wọn ò sì dákẹ́ mọ́. Nínú fíìmù, awakọ̀ náà ti ìlẹ̀kùn pa, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin inú ọkọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó má pa òun, wọ́n pàtẹ́wọ́. Màmá kan lẹ́yìn mi ní, "Kai! Káyọ̀dé yìí ò serious rárá!"

Dọlápọ̀ wà níwájú. Ó dìde, ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ló kó lọ sọ́dọ̀ ìyá wọn ní Òṣogbo. Ìbẹ̀rẹ̀ tó dára yẹn wá jáde ní ìparí, nígbà tí àwọn èèyàn ti ń wá bàtà ọmọ wọn kiri.

Tóyìn fi omijé bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní òun ló fi nọ́ńbà tí kò yẹ sí àwọn apá fíìmù tó kó fún mi, pé nọ́ńbà yẹn ni mo tẹ̀ lé. Ó gbà mí gbọ́, ṣebí èmi ni ọ̀gá rẹ̀. Ó bẹ àbúrò rẹ̀ títí. Dọlápọ̀ ní, "O fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ torí kí wọ́n lè clap fún ẹ." Láti ìgbà náà, kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Tóyìn náà ò sì fọwọ́ kan kámẹ́rà mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi: inú mi kọ́kọ́ dùn. Èmi ni wọ́n fún ní fíìmù tó tẹ̀ lé e. Mo ṣe é. Kò sẹ́ni tó rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ní báyìí, ìyá wọn ti rọ Dọlápọ̀ pé kó wá gbọ́ tẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lánàá, Tóyìn wá bá mi nídìí tábìlì mi. Ó ní, "Sista mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé mistake ni. Tó bá ti tẹnu yín jáde, ó máa gbà."

Mo ní màá wá.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá wọlé tí mo bá àwọn méjèèjì níbẹ̀, èwo nínú wọn ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún?