Míǹtì Lábẹ́ Ìrọ̀rí Safta

Ẹ fi ewé yẹn sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọge, ẹ wá jókòó tì mí. Àlùfáà ti gbọ́ tẹnu mi láàárọ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mo ṣẹ̀. Safta àbúrò mi ni, òun tó dúró nídìí ààrò yẹn, tó ń se efinrin fún ikọ́ mi. Bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè, ilẹ̀ ò ní gbà mí.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní àìsùn ọdún Ìrìbọmi Jésù, bí irú òní, ọmọge á fi efinrin tí àlùfáà rì bọ omi mímọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹni tó bá rí lójú àlá ni ọkọ rẹ̀. Lọ́dún tí Safta pé ọmọ ogún ọdún, Toader tó ń kan àgbá ò kúrò lẹ́nu géètì wa. Ìyá wa ti kú. Ẹsẹ̀ mi kan ti rọ láti kékeré, ta ni yóò fẹ́ mi? Bí Safta bá lọ, èmi àti adìyẹ ló kù nínú ilé. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù burúkú.

Nírọ̀lẹ́ àìsùn ọdún náà, Safta di efinrin rẹ̀ sínú aṣọ ìnujú, ó fi òwú pupa so ó. A kì í tú u. Bílẹ̀ bá mọ́, inú odò là ń jù ú sí. Bó ṣe lọ fún wàrà màlúù báyìí, mo tú u, mo fi ewé míǹtì gbígbẹ rọ́pò, mo sì fi efinrin sábẹ́ ìrọ̀rí tèmi. Olè ni mo jà, ẹ má bá mi wá orúkọ míì fún un. Nínú àlá mi, yìnyín lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ́sẹ̀ bí ìyẹ̀fun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ọlọ jáde, efinrin sì hù láàárín rẹ̀ títí dé odò. Toader di Safta lọ́wọ́ mú, wọ́n ń rìn lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àlá Safta ni wọ́n fi hàn mí.

Láàárọ̀ ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí ẹnì kankan?"

Mo ní, "N ò rí ẹnì kankan. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi náà ò rí nǹkan kan." Ojú rẹ̀ ti wú.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìkà. Nígbà tí Toader rán alárinà wá, Safta ní, "Ẹ ní kó má bínú, efinrin ò fi í hàn mí."

Alárinà ní, "Ṣé efinrin ni yóò máa dáná fún ẹ yá lọ́jọ́ ogbó ni?"

Ó kọ̀ jálẹ̀. Toader lọ gbéyàwó lábúlé kejì. Láti ìgbà náà ni Safta ti ń gbin efinrin, tó ń fi wo inú rírun gbogbo abúlé, tó ń fún ọmọ ọlọ́mọ ní èyí tí wọ́n á fi rí ọkọ.

Ẹ wò ó, ó ti gbé ife sílẹ̀. Ó ń bi mí, ohùn rẹ̀ ò ga, "Kí lẹ fi rọ́pò rẹ̀?"

"Míǹtì ni."

"Mo gbóòórùn rẹ̀," ó ní. "Láti ogójì ọdún, mo rò pé bí Ọlọ́run bá fi nǹkan du èèyàn, bó ṣe máa ń rùn nìyẹn."

Ó ti jáde. Àbúrò mi, bí o bá ń gbọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, foríjì mí. Bí o ò bá lè ṣe é, n ò ní bá ọ jà. Ẹ̀yin ọmọge, ẹ gba efinrin yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jí lọ́la tí ẹ ò rí ẹnì kankan, tí ọmọkùnrin rere kan sì dúró ní géètì, ẹ gba ojú ara yín gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀kan nínú yín mú ẹ̀wù òtútù Safta lọ bá a. Yìnyín ń bọ́ níta.