Inú Bàálù Ni Àbúrò Mi Wà Nígbà Tí A Sin Ìyá Wa

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, àbúrò kan ṣoṣo tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n ti sọ mí di àjèjì. Kò gbé fóònù mi mọ́. Èmi tí mo máa ń fi gbogbo ará Addo ṣe ẹlẹ́yà, títí kan lọ́yà tó ń jẹ̀bà nínú mọ́tò kí aládùúgbò má baà rí i, èmi náà ni mò ń fi ìborùn nu omijé báyìí.

Ìyá wa ló ṣàìsàn. Nígbà tí wọn ò lè jẹun mọ́, mo ní kí àbúrò mi máa bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ gidi ni, kíá ló ti wọ bàálù. Wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ni yóò fi dé Ìkẹjà. Mo sọ fún Màámi, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàálù ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi dákẹ́.

Mùsùlùmí ni wá, òkú wa kì í pẹ́ nílẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ rí ojú ìyá rẹ̀. Bàbá Lakowe, ẹ̀gbọ́n Màámi, tí kò wọkọ̀ kọjá Ẹ̀pẹ́ rí, ló wá ń kọ́ mi ní ọ̀nà òfuurufú.

“Wákàtí mẹ́fà kẹ̀? Ṣé ẹsẹ̀ ni bàálù ọ̀hún fi ń rìn ni?”

“Bàbá, ìlọ́po mẹ́fà ọ̀nà Kánò ni.”

“Ó dáa. Òkú ò ní dúró de ẹni tó wà lójú sánmà.”

A sin Màámi lẹ́yìn ìrun Alásàárì. Gbogbo bí mo ṣe ń pe àbúrò mi, pípa ni fóònù rẹ̀ wà.

Ìrọ̀lẹ́ ló pè. “Àǹtí mi, mo ti dé Ìkẹjà o. Ẹ fún Màámi ní fóònù.”

Bàbá Lakowe di ọwọ́ mi mú. Ó ní a kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà. Mo ní wọ́n ń sùn. Ó ní kí n má jí wọn, òun ra bàtà tí kò ní máa ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Àwọn tírélà tó ń lọ sí Ibeju-Lekki sì ti dí ọ̀nà márosẹ̀ pa. Nígbà tó dé Jákàǹdè, ó tún pè.

“Ṣé wọ́n ti jí?”

Ẹnu mi tí kì í gbélé dá a lóhùn: “Wọ́n ti jí. Wọ́n ní tó o bá mú òyìnbó bọ̀ lẹ́yìn, kẹ́ ẹ lọ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì.”

Ó rẹ́rìn-ín títí, mo ń gbọ́ ẹ̀rín awakọ̀ tó gbé e náà. Ẹyin lohùn, ta ló lè ṣà á jọ?

Ó wọlé, ó rí ẹní àti àwọn àáfà. Kò sunkún. Bàtà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bi mí léèrè: “Àǹtí, ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì yẹn, ìgbà wo ni Màámi sọ ọ́?”

Mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo dá a sọ. Ó ní òun lè dárí ìsìnkú jì wá, ṣùgbọ́n bí mo ṣe fi ìyá òun tó ti kú pa òun lẹ́rìn-ín, òun ò lè gbé e mì. Ọjọ́ kẹta ló padà.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ká ní ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí òun nìkan jókòó lẹ́yìn ọkọ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí, ibo lójú ọ̀nà yẹn ni ẹ̀ bá ti sọ ọ́ fún un?